Ìyá Kọ́ Ni Ó Fà Á: Ẹ̀kọ́ Inú Ìgbésí Ayé Ruth Sullivan

Iṣẹ́ títúmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Yorùbá ni iṣẹ́ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìròyìn kan dé orí tábìlì mi nípa ọ́tísíìmù. Kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí gbogbo wa jọ mọ̀ fún un ní èdè wa. Àkókò ń lọ, wọ́n sì ń dúró de iṣẹ́ náà. Ni mo bá kọ ọ́ báyìí pé, "àrùn ọpọlọ tí ó máa ń ṣe àwọn ọmọdé." Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá kan pe ọ́fíìsì wa lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ìròyìn yín. Irú ọmọ mi ni ẹ kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ mi le. Ìyá ọkọ mi ti ka ohun tí ẹ kọ sí etí gbogbo ilé. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ti jẹ́rìí sí i pé alárùn ni mo bí fún ọmọ àwọn." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. Ó dáhùn pé òun kò bínú, pé ó kàn ti rẹ òun ni.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi lọ́kàn. Mo kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè tú ilé ká. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kọ nìkan kọ́ ni ó dá ìyá náà lẹ́bi. Ẹ̀bi náà ti wà ní ilé kí ìròyìn mi tó dé. Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń pa, pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Bí ọmọ bá gba ẹ̀bùn ní ilé ẹ̀kọ́, a ó ní bí bàbá rẹ̀ ti ṣe nìyẹn. Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́ta, a ó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tí ó wà nínú oyún, ibi tí ó rìn ní ọ̀sán gangan, àti ẹni tí ó ṣẹ̀.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìmọ̀wé ni ó bí irú èrò bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó wà. Ìgbà tí mo ka ìtàn ìgbésí ayé arábìnrin Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ruth Christ Sullivan ni mo tó mọ̀ pé mo ṣìnà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ni wọ́n dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ni wọ́n kọ ẹ̀bi náà sí.

Ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí Sullivan ní ọdún 1924, Louisiana ni ó sì dàgbà sí. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ William Sullivan, olùkọ́ yunifásítì. Ọmọ méje ni wọ́n bí. Ọdún 1960 ni wọ́n bí ọmọ karùn-ún, Joseph. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó pé nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pòórá lẹ́nu rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún àwọn tí ó yí i ká mọ́. Kò tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà tí àwọn dókítà sọ pé ọ́tísíìmù ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà mọ̀. Ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner, ní ìlú Baltimore, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n jọ ní irú ìwà yìí. Kanner kọ ọ́ pé àwọn ọmọ náà ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó tún sọ pé àwọn òbí wọn kì í fi ìfẹ́ hàn, pé wọ́n tutù. Àwọn ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́: wọ́n ní ìyá tí ó tutù bí inú fíríìjì ni ó máa ń mú kí ọmọ sá pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Ní ọdún 1967, Bruno Bettelheim, tí ó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chicago, kọ odindi ìwé lórí èyí, ayé sì gbà á gbọ́. Ìtọ́jú tí ó dámọ̀ràn ni pé kí wọ́n mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹ̀sùn náà ṣe jọra. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọn a ní ìyá jẹ́ àjẹ́, tàbí pé ọmọ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀run. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n ní ìyá kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Èdè ni ó yàtọ̀, ẹjọ́ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni Sullivan bí ọmọ méje sínú ilé kan náà, ọyàn rẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà. Bí ìyá bá jẹ́ okùnfà, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́fà yòókù? Ìbéèrè tí kò ṣòro yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò bi ara wọn.

Ní ọdún 1964, Bernard Rimland, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan tí òun náà ní ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, tẹ ìwé jáde tí ó fi ẹ̀rí hàn pé inú ara àti ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe láti ọwọ́ òbí. Sullivan ka ìwé náà, ó sì kọ lẹ́tà sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, àwọn méjèèjì wà lára àwọn òbí tí wọ́n pàdé ní Teaneck, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ náà ni à ń pè ní Autism Society lónìí. Sullivan ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn gẹ́gẹ́ bí ààrẹ rẹ̀.

Ní ọdún 1969, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí ọkọ gbọ́. Ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn ní Washington, wọ́n sì pe Kanner láti wá bá wọn sọ̀rọ̀. Arúgbó ọlọ́lá náà dìde níwájú àwọn òbí, ó sì sọ fún wọn ní gbangba pé òun dá wọn láre, pé wọn kò ní ẹ̀bi kankan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù nínú ìmọ̀ yìí kò kọ̀ láti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe lójú ayé. Mo máa ń bi ara mi pé, mélòó nínú àwọn àgbà ilé wa ni ó ti pe ìyàwó ilé jókòó rí, kí wọ́n sọ fún un pé, "Ìyàwó wa, a ṣì ọ́ pè, dákun má bínú"?

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí àwọn ìyá náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Agbára tí wọ́n ti ń fi sunkún ni wọ́n wá fi ṣiṣẹ́. Ní ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà lè sọ pé àwọn kò gba irú ọmọ báyìí, kò sì sí ohun tí òbí lè ṣe. Sullivan wà lára àwọn òbí tí wọ́n ń lọ bá àwọn aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí Ààrẹ Gerald Ford fi buwọ́ lu òfin kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1975. Òfin náà sọ ọ́ di dandan kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún gbogbo ọmọ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ tí ó bá a mu lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1979, ní ìlú Huntington, ní West Virginia, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ni, Sullivan dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ran àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù lọ́wọ́ ní ilé, ní ibi iṣẹ́ àti láàárín ìlú, nítorí pé ọmọdé kì í ṣe ọmọdé títí ayé. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù Rain Man, tí ó jáde ní ọdún 1988, Joseph wà lára àwọn tí òṣèré Dustin Hoffman fara balẹ̀ wò kí ó lè mọ bí yóò ṣe ṣe ipa tirẹ̀. Sullivan kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Àwọn kan yóò sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn, pé àrùn òyìnbó ni ọ́tísíìmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Victor Lotter, ẹni tí ó ka iye àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Middlesex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1966, rin ìrìn àjò lẹ́yìn náà wá sí orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára wọn. Ní ọdún 1978, ó kọ ọ́ pé òun rí àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́tàdínláàádóje (127) ni ó ní ọ́tísíìmù ní gbogbo ayé. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò yín bá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀.

Kí wá ni a lè kíyè sí lára ọmọ? Ọmọ lè pé ọdún kan kí ó má wẹ̀yìn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni etí rẹ̀ kò di. Ó lè má nawọ́ sí ohun tí ó wù ú láti fi hàn wá, kí ó kàn di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kí ó gbé e lé orí ohun tí ó ń fẹ́. Ó lè máa tún ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ wí láìdáhùn ìbéèrè. Ó lè máa yí táyà ọkọ̀ ìṣeré fún wákàtí kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ìlù níbi ìsọmọlórúkọ lè mú kí ó di etí, kí ó sì máa ké bí ẹni tí iná jó. Àmì kan kò tó láti fi dájọ́, gbogbo ọmọ kọ́ ni ó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ibí ni àṣà wa ti lè ṣì wá lọ́nà. A ti kọ́ ọmọ pé kì í wo ojú àgbà. Nítorí náà, ọmọ tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni lè dàbí ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́, kí ọdún méjì sì kọjá kí a tó fura. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí ó wà lẹ́nu ọmú kò tíì mọ ẹni tí í ṣe àgbà. Ojú ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa wò. Ní ìdà kejì, bí ọmọ náà bá ti dàgbà tí kò dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ènìyàn, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé, a ó sì tún dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà tàbí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ó bá ní kí a na ọmọ, kí a fi ebi pa á, tàbí kí a so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ̀mí kan lè jáde lára rẹ̀, ìyà ni, kì í ṣe àdúrà. Gbogbo oṣù tí a bá lò níbẹ̀ jẹ́ oṣù tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀. Bákan náà ni kí a má ṣe dá abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́bi. Ìwádìí tí ó so ó mọ́ ọ́tísíìmù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1998, ni ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó gbé e jáde ti fagi lé ní ọdún 2010. Ẹni tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹ̀bi kò gbọdọ̀ wá ẹ̀bi sí ibi tí kò sí.

Ní ilẹ̀ wa náà, àwọn ìyá kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2006, Arábìnrin Dótun Akande, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Ìkẹjà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ orúkọ náà rí. Mo kí i, mo sì kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ pé ìyá tí ó bá lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ rẹ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ gbà. Ìyá tí ó ń ta ata ní Òkè-Òdè tàbí ní Kábà kò lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó lè béèrè fún ni òfin, òfin sì wà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ láti mú òfin náà ṣẹ. Èyí dára, ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù wa béèrè lọ́wọ́ aṣojú rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bóyá ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ti sọ ọ́ di òfin ara rẹ̀. Kí a béèrè iye olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ nípa irú ọmọ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kí a béèrè bóyá nọ́ọ̀sì tí ó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ìlú wa mọ àmì tí ó yẹ kí ó wò.

Fún ẹ̀yin òbí tí ọkàn yín kò balẹ̀ lórí ọmọ yín, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò ní "yóò sọ̀rọ̀ bí ó bá yá." Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó bá súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì darí yín sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ. Kò sí oògùn tí ń mú ọ́tísíìmù kúrò, ẹni tí ó bá sì ń ta á fún yín, owó yín ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lè mọ bí yóò ṣe sọ ohun tí ó ń fẹ́, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹnu, pẹ̀lú ọwọ́ tàbí pẹ̀lú àwòrán.

Ní tèmi, mo ti tún ìwé mi ṣe. Nínú àwọn ìròyìn tí mo bá túmọ̀, n kò kọ "àrùn" mọ́. N kò kọ "dìndìnrìn", n kò kọ "ọmọ ẹlẹ́gbẹ́". Mo ń kọ ọ́ pé ọ́tísíìmù jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Ó gùn, ó sì máa ń jẹ àyè. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbì kan tí wọn yóò ka ohun tí mo kọ sí létí nínú ilé ọkọ rẹ̀.

Ohun tí ó kù ni ìbéèrè tí ìyá náà bi mi kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wò ó bí mo bá kú?" N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Sullivan náà ní irú ìbéèrè yẹn lọ́kàn, iléeṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Huntington ni èsì tirẹ̀. Òwe wa ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. A ti lo òwe yìí láti fi àwọn ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Èyí ni kí ìjọba, ilé ẹ̀kọ́, ìjọ, mọ́sáláṣí àti ẹbí ọkọ mú lò. Ìyá yẹn ti fi ojú méjì tirẹ̀ ṣọ́ ọmọ rẹ̀ tó. Àwa tí a jẹ́ igba ojú ni ó ń retí.